Iná Lọ, Òtútù Ń Jà: Ìbéèrè Àti Ìdáhùn Fún Àwọn Ará Wa Ní Texas

Láti oṣù Kejì ọdún 2021 ni àwọn ìbéèrè yìí ti ń wá lemọ́lemọ́. Bí ojú ọjọ́ bá sì ti fẹ́ yí padà ní Houston, Dallas tàbí Austin, wọn á tún bẹ̀rẹ̀. A kó wọn jọ síbí kí ẹni tó bá nílò wọn lóru má baà máa wá wọn kiri. Tí fóònù yín bá ti fẹ́ kú, ẹ kọ́kọ́ ka ìdáhùn nípa èédú àti ti jẹnẹrétọ̀ ná.

Ṣé iná náà máa ń lọ ní Amẹ́ríkà?

Ó máa ń lọ. Lóru ọjọ́ 14 mọ́jú ọjọ́ 15 oṣù Kejì ọdún 2021, òtútù mú Texas débi pé ẹ̀rọ tó ń fa gáàsì jáde nínú ilẹ̀ dì, àwọn ibùdó tó ń pèsè iná sì ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. ERCOT, àjọ tó ń darí iná ìpínlẹ̀ náà, pàṣẹ pé kí wọ́n yọ iná lára àwọn àdúgbò, torí pé ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú àáyá 37 ló kù kí gbogbo rẹ̀ dẹnu kọlẹ̀. Ilé àti ibi iṣẹ́ tó lé ní mílíọ̀nù 4.5 ni kò ní iná. Ní Houston, òtútù wálẹ̀ dé Fahrenheit 13, ìyẹn bíi Celsius 10 sísàlẹ̀ òdo. Ìjọba ìpínlẹ̀ ka òkú 246, òtútù ló sì pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.

Texas dá ètò iná tirẹ̀ dúró lọ́tọ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ so mọ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tó kù, ìdí nìyẹn tí kò fi rí iná tó tó yá lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣòfin pé kí àwọn ibùdó iná máa múra sílẹ̀ de òtútù. Òfin náà dára, àmọ́ kò ní kí ẹ̀ka igi tí yìnyín bò má ya lu wáyà àdúgbò yín, bó ṣe ṣẹlẹ̀ ní Austin ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejì ọdún 2023.

Àìsíná ti mọ́ wa lára láti Nàìjíríà. Kí ló wá yàtọ̀ níbí?

Nílé, tí NEPA bá mú iná lọ, ooru ló ń dà wá láàmú. A ó ṣí fèrèsé, a ó gbé àga síta. Níbí, iná yẹn náà ló ń mú ilé móoru, òun náà ni kò jẹ́ kí omi dì nínú páìpù. Tó bá ti lọ, òtútù á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé díẹ̀díẹ̀, kò sì ní padà jáde.

Èkejì ni pé ilé ibí dí pinpin. Èéfín tó máa ń rí ojú fèrèsé gbà jáde ní Ìbàdàn kò ní ibi tó máa gbà níbí. Ohun tí a mọ̀ nípa èédú, fìtílà àti jẹnẹrétọ̀ látilé ló ń kó àwọn ará wa sí wàhálà jù. Kì í ṣe àìgbọ́n wọn. Ilé ló yàtọ̀.

Iná ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ báyìí. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ẹ yọjú síta. Tó bá jẹ́ ilé yín nìkan ló ṣókùnkùn, ẹ lọ wo bírékà. Tó bá jẹ́ gbogbo àdúgbò, ẹ fi tó ilé iṣẹ́ tó ni wáyà létí. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣi èyí ṣe: ní Houston àti Dallas, ẹni tó ń tà yín níná, tí orúkọ rẹ̀ wà lórí bíìlì, kọ́ ló ń tún wáyà ṣe. CenterPoint ló ni wáyà Houston, Oncor ló ni ti Dallas. Ẹ ti kọ nọ́ńbà wọn sórí ìwé kí òtútù tó dé.

Lẹ́yìn náà, ẹ pa ẹ̀rọ amúlégbóná, sítóòfù oníná àti kọ̀ǹpútà, kí ẹ fi gílóòbù kan ṣoṣo sílẹ̀ ní títàn kí ẹ lè mọ̀ tí iná bá dé. Ẹ pọn omi sínú ìkòkò, kẹ́ẹ̀gì àti báàfù nígbà tí omi ṣì ń yọ. Ẹ dín ìmọ́lẹ̀ ojú fóònù kù, ẹ má fi í wo fídíò.

Gáàsì ni ẹ̀rọ amúlégbóná wa ń lò. Kí ló dé tí òun náà kú?

Torí pé iná mànàmáná ló ń tanná sí i, òun ló sì ń yí fáànù tó ń fẹ́ ooru káàkiri ilé. Gáàsì lè wà nínú páìpù dáadáa kí ẹ̀rọ náà má sì ṣiṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni bọ́ílà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe rí.

Báwo la ṣe lè mú ilé móoru láìsí iná?

Ẹ gbàgbé gbogbo ilé, yàrá kan ni kí ẹ mú. Kí ó kéré, kí fèrèsé rẹ̀ má pọ̀, kí ó sì kọjú sí oòrùn tó bá ṣeé ṣe. Gbogbo yín ni kí ẹ kó síbẹ̀, àti bàbá àti ìyá àti ọmọ, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ pé oníkálukú ní yàrá tirẹ̀. Ara èèyàn mẹ́rin nínú yàrá tó há ń mú ooru jáde ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Ẹ ká aṣọ dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹ ta kúbùsù bo ojú fèrèsé ní alẹ́, kí ẹ ká a kúrò lọ́sàn-án tí oòrùn bá ń wọlé. Tí ilẹ̀ bá jẹ́ táìlì, ẹ tẹ́ ẹní, káápẹ́ẹ̀tì tàbí páálí sí i. Òtútù ilẹ̀ ń fa ooru ara lọ gidigidi. Tí àgọ́ kékeré tí ẹ fi ń ṣeré wà nílé, ẹ pa á sáàárín yàrá kí àwọn ọmọ sùn sínú rẹ̀.

Abẹ́là ni èmi ò fara mọ́. Ilé tí gbogbo èèyàn ti wọ aṣọ lé aṣọ, tí kúbùsù wà káàkiri, kì í ṣe ibi tó yẹ kí iná tó ṣí sílẹ̀ wà lóru. Tọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ rà.

Kí ló yẹ kí a wọ̀?

Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta tí ẹ wọ̀ lé ara wọn sàn ju kóòtù ńlá kan lọ, torí afẹ́fẹ́ tó há sáàárín wọn ló ń pa ooru mọ́. Ẹ jẹ́ kí èyí tó kan ara gbẹ. Aṣọ òwú tí òógùn tàbí omi bá ti rin máa ń mú ara tutù ni, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Fìlà, ibọ̀sẹ̀ méjì, ìbọ̀wọ́. Ẹ dé fìlà sùn.

Kí la ó jẹ, báwo la ó sì ṣe se é?

Oúnjẹ ló ń mú ara ṣe ooru, ẹ má gbààwẹ̀ lọ́jọ́ náà. Búrẹ́dì, ẹ̀pà, kúlíkúlí, sadíìnì, mílíìkì àti gàárì kò nílò iná. Tí ẹ bá gbọ́ pé òtútù ń bọ̀, ẹ ti se omi gbígbóná sínú fúláàsìkì. Ẹ lè fi po ògì tàbí mílò ní ọ̀pọ̀ wákàtí lẹ́yìn tí iná bá lọ.

Tí kúkà gáàsì bá wà nínú kíṣìnì, tí ojú rẹ̀ gba ìṣáná, ẹ lè fi se ìkòkò ọbẹ̀ kan, kí ẹ ṣí fèrèsé díẹ̀, kí ẹ sì pa á ní kété tó bá jinná. Ẹ má fi sílẹ̀ ní títàn torí àtiyáná. Ẹ má sì ṣí ófùn rẹ̀ sílẹ̀ láti mú ilé gbóná.

Ẹran àti ọbẹ̀ tó wà nínú fírísà ńkọ́?

Tí ẹ kò bá ṣí i, fírísà tó kún á pa òtútù mọ́ fún wákàtí 48, èyí tó kún dé ìdajì fún wákàtí 24. Fíríìjì kì í ju wákàtí 4 lọ. Ẹran, ẹja, ọbẹ̀ tàbí ìrẹsì sísè tó bá ti gbóná ju Fahrenheit 40 lọ fún wákàtí 2, ẹ dà á nù. Mo mọ̀ pé ó ń dunni láti da ẹ̀fọ́ rírò ìkòkò kan nù, àmọ́ ìgbẹ́ gbuuru nínú ilé tí kò ní omi burú jù ú lọ. Ẹ má gbé oúnjẹ síta nínú oòrùn pẹ̀lú èrò pé òtútù wà: oòrùn lè yọ́ ọ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀, ẹranko sì lè dé ibẹ̀.

Ṣé mo lè dá èédú, tàbí kí n gbé sítóòfù kẹrosíìnì wọ pálọ̀?

Rárá. Kì í ṣe nínú pálọ̀, kì í ṣe nínú gáréèjì tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí, kì í ṣe ní ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Èédú, igi, kẹrosíìnì, pẹtiróòlù àti gáàsì, gbogbo wọn ló ń tú afẹ́fẹ́ olóró kan jáde tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide. Kì í rùn, kò ní àwọ̀, kì í ta ojú bí èéfín igi. Tí èèyàn bá ti ń mí i sínú, á gba ipò ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀, ọpọlọ àti ọkàn kò sì ní rí èyí tí wọ́n ń lò mọ́. Èédú tó ti pọ́n dáadáa, tí kò yọ èéfín mọ́, ló ń tan àwọn èèyàn wa jẹ jù. Wọ́n rò pé torí kò yọ èéfín, kò léwu.

Bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ ni orí fífọ́, òòyì, inú rírú, àárẹ̀ ara. Lẹ́yìn náà ni ọkàn á dàrú. Ẹni tó bá sùn sínú rẹ̀ lè má jí mọ́. Tí èèyàn méjì tàbí mẹ́ta nínú ilé bá sọ pé orí ń fọ́ àwọn lákòókò kan náà, ẹ má wá Panadol. Ibà kì í mú gbogbo ilé ní wákàtí kan náà. Ẹ kó ara yín síta lójú ẹsẹ̀, bó ti wù kí òtútù pọ̀ tó, kí ẹ sì pe 911 láti ìta.

Ní ọ̀sẹ̀ òtútù ọdún 2021 yẹn, àwọn tó wá gba ìtọ́jú ní Texas nítorí afẹ́fẹ́ yìí lé ní 1,400, àwọn kan sì kú. Mo ń bẹ̀ yín, ẹ ra alámù carbon monoxide tó ń lo bátìrì, kí ẹ gbé e sí ìtòsí yàrá tí ẹ ń sùn. Nínú gbogbo ohun tí ojú ewé yìí ní kí ẹ rà, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ rà.

Ibo ló yẹ kí jẹnẹrétọ̀ wà?

Ìta gbangba, ó kéré tán ẹsẹ̀ bàtà 20 sí ilé, bíi mítà 6, kí ẹnu ibi tó ń tú èéfín sì kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé yín àti ti aládùúgbò. Ìdí tí àwọn ará wa fi ń gbé e wọ gáréèjì ni ìbẹ̀rù olè. Ẹ fi ṣéènì dè é mọ́ igi tàbí òpó. Ẹ pa á kí ó tutù kí ẹ tó dápo sí i. Kí òjò tàbí yìnyín má bà á, àmọ́ ẹ má fi nǹkan bò ó pa.

Ẹ má fi wáyà olórí méjì so ó mọ́ sókẹ́ẹ̀tì ògiri. Nílé, ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é. Tí iná jẹnẹrétọ̀ bá gba inú wáyà ilé padà sórí òpó, tàǹsífọ́mà àdúgbò á sọ ọ́ di ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóòtì, ẹni tó gun òpó láti bá yín tún iná ṣe ni yóò gbé. Oníṣẹ́ iná tó ní ìwé àṣẹ ló lè bá yín fi change-over sí i. Tí kò bá sí, wáyà gígùn tó nípọn ni kí ẹ fi so fíríìjì àti fóònù mọ́ jẹnẹrétọ̀ tààrà.

Ṣé a lè lọ jókòó sínú mọ́tò?

Ẹ lè ṣe é tí mọ́tò bá wà níta, kì í ṣe nínú gáréèjì láéláé. Ẹ kọ́kọ́ lọ wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí yìnyín má dí ẹnu sáléńsà. Ẹ tan ẹ́ńjìnnì bí ìṣẹ́jú 10 láàárín wákàtí kan, ẹ ṣí gíláàsì díẹ̀, ẹ fi àkókò yẹn gba iná sí fóònù. Ẹ má sùn sínú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́.

Kí ni ká ṣe kí páìpù omi má bẹ́?

Omi tó bá di yìnyín máa ń fẹ̀ sí i, páìpù kò sì lè fẹ̀ bá a. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ omi tó wà lára ògiri ìta máa kán tótó, èyí tó gbóná àti èyí tó tutù. Ẹ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lábẹ́ síǹkì sílẹ̀. Ẹ fi aṣọ wé ẹ̀rọ omi ìta.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni kí ẹ mọ ibi tí wọ́n ti ń pa omi gbogbo ilé. Ẹ lọ wá a lójúmọmọ, kí ẹ fi han àwọn ọmọ tó ti dàgbà. Ọ̀pọ̀ ilé ní Texas ni páìpù rẹ̀ gba inú àjà. Tí ọ̀kan bá bẹ́ níbẹ̀, sílíìn á rin, á wó lulẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, bó ṣe ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn ní 2021. Tí páìpù bá ti dì, ẹ fi aṣọ tí ẹ rì sínú omi gbígbóná wé e láti ìdí ẹ̀rọ omi lọ sẹ́yìn. Ẹ má fi iná tó ń jó yá a.

Ọmọ ọwọ́ wà nílé. Báwo la ṣe máa tọ́jú rẹ̀?

Ọmọ tuntun kò lè gbọ̀n bí àgbà láti fi mú ara rẹ̀ gbóná, ooru ara rẹ̀ sì tètè ń lọ. Ẹ gbé e sí àyà, ara kan ara, kí ẹ fi kúbùsù bo ẹ̀yin méjèèjì, kí ojú àti imú rẹ̀ wà níta. Tí ọrùn rẹ̀ bá ti le, ẹ pọ̀n ọ́n. Ẹ̀yìn ìyá jẹ́ ibi tó dára. Fìlà lórí, ibọ̀sẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ẹ má kó kúbùsù àti ìrọ̀rí tì í lórí ibùsùn, ó lè dí i ní imú. Kí àgbà kan máa ṣọ́ ọ nígbà tí èkejì bá ń sùn.

Ẹ máa fọwọ́ kan àyà àti ikùn rẹ̀, kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ nìkan. Ọmọ tí àyà rẹ̀ tutù, tí kò mu ọmú dáadáa, tó dákẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ.

Màámá wá láti Nàìjíríà wá bá wa tọ́mọ. Kí ni kí a máa ṣọ́ lára wọn?

Ewu tó wà níbẹ̀ ni kí ooru inú ara wálẹ̀ ju Fahrenheit 95 lọ, ìyẹn Celsius 35. Ó lè ṣẹlẹ̀ sí àgbàlagbà láàárín ilé, lórí àga, láìjẹ́ pé yìnyín kan wọ́n. Wọn á kọ́kọ́ máa gbọ̀n. Lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ wọn á máa lọ́, ọwọ́ wọn ò ní lè di bọ́tìnì, wọn á máa sọ pé "ẹ jẹ́ kí n sùn jàre." Tí wọ́n bá ṣíwọ́ gbígbọ̀n nígbà tí òtútù ṣì wà, kì í ṣe pé ó ti sàn, ó ti burú sí i ni. 911 ló kàn.

Kí ìrànlọ́wọ́ tó dé, ẹ bọ́ aṣọ tó bá tutù lára wọn, ẹ mú àyà, ọrùn àti ikùn wọn gbóná kí ẹ tó kan ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Tí ojú wọn bá dá tí wọ́n sì lè gbé nǹkan mì, ẹ fún wọn ní tíì oníṣúgà. Ẹ má fi ọwọ́ ra wọ́n lára kíkankíkan. Ọtí kò dára fún un: ó ń jẹ́ kí ara dà bí ẹni móoru lójú ẹni tó mu ún, ó sì ń lé ooru inú jáde. Aboniki náà, orí awọ ló ń ta, kò mú inú gbóná.

Ìka tí òtútù ti jẹ kì í pọ́n lójú lára àwa aláwọ̀ dúdú. Ẹ wo bóyá ó ti ṣú eérú, tó le bí abẹ́là, tí kò sì mọ ìfọwọ́kàn mọ́. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ni kí ẹ rì í sí.

SS ni ọmọ wa. Ṣé òtútù yìí léwu fún un?

Ó léwu gan-an. Òtútù máa ń mú kí iṣan ẹ̀jẹ̀ sún kì, ẹ̀jẹ̀ tó ti tẹ̀ bí dòjé kò sì ní ráyè kọjá, ìrora á bẹ̀rẹ̀. Ìmọ̀ràn wa le, a ò sì ní dẹ̀ ẹ́: ẹ má dúró dìgbà tí ilé bá tutù. Tí wọ́n bá ti kéde òtútù ńlá, ẹ gbé ọmọ náà lọ sí ilé ẹbí tàbí ọ̀rẹ́ tó ní jẹnẹrétọ̀, tàbí òtẹ́ẹ̀lì tó sún mọ́ ilé ìwòsàn rẹ̀.

Tí ẹ bá ti há sílé, kó wọṣọ kí òtútù tó mú un, kó máa mu omi bí kò tilẹ̀ gbẹ ẹ́ lọ́fun, kó má pa oògùn rẹ̀ jẹ. Ibà, àyà dídùn tàbí èémí tó ń há kì í ṣe ohun tí à ń fi oògùn ilé wò.

Mò ń lo ínsúlínì. Ẹ̀gbọ́n mi ń lo ẹ̀rọ ọ́síjìn.

Ínsúlínì kò gbọdọ̀ dì. Tó bá ti dì, bó tilẹ̀ yọ́ padà, ẹ má lò ó. Ẹ fi sínú àpò aṣọ inú lóru.

Ẹni tó ń lo ẹ̀rọ ní láti gba fọ́ọ̀mù lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ iná, kí dókítà fọwọ́ sí i, kí orúkọ rẹ̀ wọ ìwé àwọn tí ẹ̀mí wọn rọ̀ mọ́ iná. Ẹ tún lè pe 211, nọ́ńbà tí à ń pè fún ìrànlọ́wọ́ tí kì í ṣe pàjáwìrì, láti forúkọ sílẹ̀ nínú STEAR, ìwé tí ìjọba Texas ń kọ orúkọ àwọn tó máa nílò ìrànlọ́wọ́ nígbà àjálù sí. Méjèèjì dára, àmọ́ kò sí èyí tó ṣèlérí pé iná yín kò ní lọ. Ẹ ní agolo ọ́síjìn tí kò lo iná nílé, ẹ má sì tan abẹ́là nítòsí rẹ̀.

Ìgbà wo ló yẹ ká fi ilé sílẹ̀?

Tí yàrá tí gbogbo yín wà bá ti tutù dé Fahrenheit 50, tí ọmọdé, arúgbó tàbí aláìsàn sì wà níbẹ̀, ẹ máa lọ. 211 á sọ ibi tí wọ́n ṣí sílẹ̀ fún yíyáná. Ní 2021, gbọ̀ngàn George R. Brown wà lára èyí tí Houston ṣí. Ẹ lọ lójúmọmọ. Yìnyín tó lẹ̀ mọ́ títì kì í hàn, orí bíríìjì ló sì ti kọ́kọ́ ń dì. Ní Fort Worth, lọ́jọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 2021, ọkọ̀ tó lé ní 130 ló kọlu ara wọn láàárọ̀ kan, èèyàn mẹ́fà sì kú.

Iná wà ní òdìkejì títì, àwa wà nínú òkùnkùn. Ṣé ojúsàájú ni?

Ó ṣeé ṣe kí wáyà tiwọn jẹ́ èyí tó lọ sí ilé ìwòsàn tàbí ilé iṣẹ́ panápaná, èyí tí wọn kì í pa. Wọ́n máa ń fẹ́ pín òkùnkùn náà kárí ní wákàtí wákàtí, àmọ́ ní 2021, iye tí wọ́n ní láti yọ pọ̀ débi pé kò sí àyè láti yí i ká. Mo mọ̀ pé inú ń bí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹ lọ kan ilẹ̀kùn òdìkejì yẹn, ẹ bẹ̀ wọ́n kí àwọn ọmọ bá wọn sùn.

Iná ti dé. Ṣé ó ti parí?

Ó kù díẹ̀. Ẹ tan nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ amúlégbóná ni kí ẹ fi ṣáájú. Ẹ wo ògiri àti sílíìn bóyá omi ń jò, torí ìgbà tí yìnyín inú páìpù bá yọ́ ni ibi tó bẹ́ máa ń hàn. Tí ìjọba bá ní kí ẹ máa se omi kí ẹ tó mu ún, ẹ jẹ́ kó hó fún ìṣẹ́jú 2, títí kan èyí tí ẹ máa fi fọ eyín àti èyí tí ẹ máa fi po wàrà ọmọ.

Ta ló máa san owó ohun tó bàjẹ́? Bíìlì ńlá ńkọ́?

Ẹ ya fọ́tò gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó kó o dànù. Ìbánigbófò onílé sábà máa ń san fún páìpù tó bẹ́, bí ẹ bá fi hàn pé ẹ gbìyànjú láti pa ilé mọ́. Ayálégbé ni kó kíyè sí i: ìbánigbófò lándílọ́ọ̀dù kò kan àga àti aṣọ yín, ẹ nílò tiyín.

Ní 2021, iye tí iná ń lọ lọ́jà fo dé dọ́là 9 fún yúníìtì kan, àwọn tó ń ra iná ní iye ọjà sì gba bíìlì ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là. Lọ́dún yẹn náà ni Texas fòfin de títa irú ètò bẹ́ẹ̀ fún ilé gbígbé. Síbẹ̀, ẹ ka ìwé àdéhùn yín, kí ẹ rí i pé iye kan náà ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo wà. Ṣé ó kàn mí?

Ó kàn yín. Ìjì Arwen ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021 mú iná lọ ní nǹkan bí mílíọ̀nù kan ilé, àwọn kan sì lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Tí iná bá lọ, ẹ pe 105 láti fi tó ilé iṣẹ́ tó ni wáyà létí, ọ̀fẹ́ ni. Tí ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 5, arúgbó tàbí aláìsàn bá wà nílé, ẹ forúkọ sílẹ̀ nínú Priority Services Register, ìwé orúkọ àwọn tí ilé iṣẹ́ iná máa ń fún ní àfikún ìrànlọ́wọ́.

Èkó ni mo wà, Houston ni ọmọ mi wà, fóònù rẹ̀ kò lọ. Kí ni mo lè ṣe?

Ẹ má máa pè é léraléra, ìyẹn ń jẹ bátìrì rẹ̀. Ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, kó kà á nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dé. Ẹ jọ fi àkókò kan sí i, láàárọ̀ àti lálẹ́, tí yóò máa tan fóònù.

Tí ẹ bá tẹ 911 láti Nàìjíríà, kò ní dé Houston. Ẹ gba ohun mẹ́ta lọ́wọ́ ọmọ yín nísinsìnyí tí ojú ọjọ́ ṣì dára: àdírẹ́sì rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà yàrá, nọ́ńbà aládùúgbò kan, àti nọ́ńbà onídíjíìtì mẹ́wàá ti àwọn ọlọ́pàá àdúgbò rẹ̀. Ẹ fi +1 ṣáájú nọ́ńbà náà, kí ẹ sọ fún wọn pé ẹ fẹ́ kí wọ́n lọ wo ẹnì kan nílé. Tó bá ní àìsàn kankan, òun ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.